Ẹni Tó Di Tọ́ọ̀ṣì Mú

Ilé náà ni, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. Ohun tí Ìbídùnní kọ́kọ́ rí nínú àlá náà nìyẹn. Yàrá ẹ̀yìn tí ọkọ rẹ̀ fi ṣe yàrá iṣẹ́ ló wà. Gbogbo nǹkan wà ní àyè wọn: tábìlì gígùn, àga onírin, agolo mílíìkì ńlá tí wọ́n ń kó ẹ̀mú àti síkúrù-díráfà sí. Àmọ́ bó ṣe gbójú sókè, ojú ọ̀run ló rí, ojú ọ̀run náà sì funfun bí ẹ̀kọ tútù. Àwọn òkè Ìdànrè tó máa ń wà lókèèrè lẹ́yìn ọgbà ti rìn wá sí ìdí ilé. Wọ́n fara ti ògiri bí àlejò tó ń yọ́ etí gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ariwo kan sì wà nínú afẹ́fẹ́, ṣìì, ṣìì, bí òjò tó ń bọ́ sórí ewé kókò níbi tó jìnnà. Òjò kò rọ̀. Ariwo inú rédíò ni. Ó ti jáde kúrò nínú rédíò, ó ti gba gbogbo ayé kan.

Akínyọdé jókòó nídìí tábìlì. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n ti sin ín, ó sì jókòó.

Kí n tó sọ ohun tó ṣe àti ohun tó sọ, ó yẹ kí ẹ mọ irú ọkùnrin tó jẹ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú ohun tó ń bí obìnrin yìí nínú tó bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ tó ti kú, kò sunkún, kò sáré lọ dì mọ́ ọn. Èébú ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù l'Ákùúrẹ́ ni wọ́n ti pàdé nígbà èwe wọn. Ìbídùnní wà lára àwọn tó ń jókòó ti pátákó, tí wọ́n ń so ohùn ẹni kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Akínyọdé wà lára àwọn tó ń gun òpó lọ tún wáyà ṣe. Bí wáyà bá já nínú igbó, òun ni wọn yóò rán. Yóò gun òpó náà bí ọ̀bọ, yóò sì máa fi súfèé dá ara rẹ̀ lára yá lókè. Ìgbà tí ará Jámánì kan tó wá ṣe títì ń padà sílé, ó fi rédíò kan sílẹ̀ fún un. Àpótí irin ni, ó wúwo, àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ẹyin iná bó bá ti móoru tán. Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé bó ti ń sọ tirẹ̀ tó, kò ní gbọ́ tìrẹ. Akínyọdé máa ń ní tòun kò rí bẹ́ẹ̀. Tòun ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbèsì. Ó ṣe ìdánwò, ìjọba fún un ní àṣẹ láti máa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ náà ṣe é, wọ́n fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá ẹni tí kò rí rí sọ̀rọ̀, láti Ìdànrè títí dé òkè òkun.

Ọkùnrin tó bẹ̀rù iná mànàmáná ni. Irú rédíò àtijọ́ yẹn, bí a bá tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára iná, iná tó ti mu sínú lè pa ènìyàn. Nítorí náà, ọwọ́ kan ni Akínyọdé fi ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ yóò wà nínú àpò ṣòkòtò, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà rẹ̀ kọjá. Ìbídùnní ló máa ń dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀ di tọ́ọ̀ṣì mú. Gbogbo ìgbéyàwó wọn, ó dì í mú. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, débi pé bí ọkọ rẹ̀ bá na ọwọ́ sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, yóò ti mọ̀ bóyá ẹ̀mú ló fẹ́ tàbí òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀.

Nígbà tí iná ìjọba wá di ohun tí ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà, Akínyọdé ní òun yóò sọ rédíò náà di oní-bátìrì. Ó gé tíránfọ́mà àtijọ́ tó ń bá a gba iná ìjọba kúrò lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpótí kékeré kan tí yóò gba iná díẹ̀ láti inú bátìrì ọkọ̀, tí yóò sì sọ ọ́ di iná ńlá tí rédíò náà ń fẹ́. Ó kù díẹ̀ kó parí rẹ̀ nígbà tí ìjì já éríà, ìyẹn wáyà gígùn tó fà sórí òpó irin lẹ́yìn ilé.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Omi ṣì ń kán lára òpó.

"Ẹ má gùn ún o, Bàbá Ṣijú," ni Ìbídùnní sọ fún un. "Irin yẹn tutù, yóò máa yọ̀. Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe ẹni tó kéré lọ́jọ́ orí."

"Mò ń bọ̀ báyìí," ni Akínyọdé wí.

Ó ti ń gùn ún nígbà tí obìnrin náà tún pariwo pé, "Mo ní ẹ má gùn ún!"

Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan sápò nítorí iná, òun náà ló fi ọwọ́ méjèèjì di irin tútù mú. Àfi gbì. Orí òkúta ló balẹ̀ sí, fóònù tó wà lápò rẹ̀ fọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà, inú ń bí Ìbídùnní. Ìbínú náà kì í jẹ́ kó gbé oúnjẹ mì. Inú bí i sí òjò. Inú bí i sí àwọn tó wá kí i, tí wọ́n ń mi orí, tí wọ́n ń ní, "Ohun tó wù ú ló ń ṣe nígbà tí ọlọ́jọ́ dé." Bíi pé ó yẹ kó dúpẹ́! Inú bí i sí pásítọ̀ tó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ó fẹ́ bi í pé ṣé Ọlọ́run ló gun òpó. Ẹni tí inú rẹ̀ sì bí i sí jù láàárín àwọn alààyè ni Akínrìnádé, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ojú gbogbo ẹbí ló ti bi í léèrè níbi ìsìnkú pé:

"Ìyàwó wa, níbo gan-an lẹ wà? Ẹ jókòó wò ó títí ó fi gùn ún dókè, ẹ ò lè dá a dúró?"

Ìbídùnní yíjú sí pósí. Kí ni yóò sọ? Kó ní òun kìlọ̀ fún un, òkú ló sì lórí kunkun? Ta ni í bú òkú tí wọn ò tíì bò? Ta sì ni yóò jẹ́rìí sí i? Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ìkìlọ̀ náà, òun ni wọ́n tẹ́ sínú pósí yẹn. Ó pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ náà kò pa rẹ́, ó dì sí i láyà bí ẹ̀bà àná.

Ìyẹn ló lé e lọ sídìí rédíò. Ó kọ́kọ́ fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó rí i pé ohun tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò sí mọ́. Kò ṣeé ṣe. Akínyọdé ti gé ẹsẹ̀ àwọn wáyà tíránfọ́mà náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ohun tí ènìyàn lè so mọ́. "Ẹ wò ó," ló ń wí fún ògiri, "kò tilẹ̀ fi àyè ìpadàsẹ́yìn sílẹ̀!" Ló bá fi ìbínú parí àpótí kékeré náà. Ó fi wáyà tí ọkọ rẹ̀ ti fà sílẹ̀ so ó mọ́ bátìrì tí sólà ń rọ iná sí. Rédíò náà jí, àwọn gílóòbù pọ́n, ó sì ń gbọ́ ohùn dáadáa nípasẹ̀ ìdajì éríà tó ṣì rọ̀ lára òpó.

Ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Ìbídùnní yọ éríà, ó so gílóòbù ilé kan sí ipò rẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ dán an wò. Bí rédíò bá ń rán ohùn jáde, gílóòbù náà yẹ kó tàn. Ó tẹ bọ́tìnnì máìkì, ó ní "Àló, àló." Gílóòbù kò tàn. Rédíò fúnra rẹ̀ ló ṣú, bí ẹni tí èémí ń tán lára rẹ̀. Bó bá jáwọ́ lára bọ́tìnnì, á tún jí. Ó tú àpótí kékeré náà palẹ̀, ó tò ó. Ó tún òjé jó. Ó pààrọ̀ èyí tó fura sí àti èyí tí kò fura sí. Kò yí padà.

Ohun tó sì burú jù ni pé ní ìrọ̀lẹ́, tó bá dá éríà padà, yóò gbọ́ ohùn Àlàájì Gàńbàrí láti Ìlọrin, ọ̀rẹ́ orí afẹ́fẹ́ tí Akínyọdé kò fojú rí rí. Nọ́ńbà rẹ̀ ti bá fóònù tó fọ́ lọ. "Akínyọdé, Ìdànrè, ṣé o ń gbọ́ mi?" Àlàájì á dúró. "Akínyọdé, ṣé kò sí o?" Ìbídùnní yóò di máìkì mú bí ẹni tó fẹ́ fún un lọ́rùn pa, kò sì ní lè dá a lóhùn.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ní àárọ̀, Akínrìnádé dé.

"Ìyàwó wa, ẹbí ti jókòó sọ ọ́," ló wí, kò tilẹ̀ jókòó. "Òpó yìí kò gbọdọ̀ dúró mọ́. Wẹ́dà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, a óò gé e lulẹ̀. Ẹ̀rọ ibi tó wà nínú ilé náà, ẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí n gbé e dànù. Òun ló pa ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀rọ kò pa ẹ̀gbọ́n yín, Bọ̀dá Akin."

"Kí ló wá pa á? Ẹni tó wà nílé tí kò dá a lẹ́kun?"

Ó sọ ọ́ tán, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbídùnní mú ìgbálẹ̀ tó wà ní ìtòsí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá, ó sì ń gbá a lọ sí ibi ẹsẹ̀ àlejò náà títí tó fi jáde. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó nídìí tábìlì iṣẹ́, ó ti àwọn irinṣẹ́ síwájú, ó gbé orí lé apá rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń ta páànù lókè, ó ń dún kọ́, kọ́. Oorun gbé e lọ.

Ibẹ̀ ló ti bá ara rẹ̀ nínú ilé tí kò ní òrùlé, tí Akínyọdé sì jókòó nídìí rédíò, ó dojú kọ ọ́, ó kẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ṣijú," ló wí láìwẹ̀yìn, "bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú."

Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Bó ṣe máa ń wí náà nìyẹn, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó kàn lọ sí ìta tó padà wọlé.

"Mi ò dì í mú," ni Ìbídùnní dáhùn.

"Inú àpótí yìí ṣókùnkùn."

"Kó ṣókùnkùn. Ìwọ lo fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ̀yin" ló ń pè é, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà. Ọ̀rọ̀ náà dún nínú yàrá náà bí àwo tó fọ́. Ọwọ́ Akínyọdé dúró díẹ̀.

"Ìwọ lo wá ń pè mí," ló wí. Kò bínú.

"Ìwọ ni mo pè ọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń pè ní ẹ̀yin."

Akínyọdé ń bá iṣẹ́ lọ nínú òkùnkùn, èéfín òjé sì ń gòkè tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ojú ọ̀run funfun yẹn. Ìgbà náà ni Ìbídùnní rí i pé ọwọ́ méjèèjì ló kì bọ inú rédíò. Ọwọ́ òsì kò sí nínú àpò.

"Ọwọ́ rẹ! Fi ọwọ́ rẹ sápò!"

"Kò lè ṣe mí ní nǹkan mọ́, Ìbídùn."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìbínú obìnrin náà ru sókè pátápátá. Ó ti rọrùn fún un! Ó ti lọ síbi tí iná kò ti lè pa á, ó fi ẹlòmíràn sílẹ̀ sínú ewu àti sẹ́nu ẹbí.

"Dìde," ló wí. "Mo ní dìde kúrò níbẹ̀!"

Akínyọdé dìde. Ìbídùnní jókòó sórí àga onírin náà, kò gbóná, kò tutù. Ó gba irin tí wọ́n fi ń jó òjé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tirẹ̀ sínú àpò bùbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú àpótí kékeré náà. Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì bọ́ síwájú rẹ̀. Akínyọdé ti dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń dúró sí, ó di tọ́ọ̀ṣì mú.

"Ẹ̀mú," ni Ìbídùnní wí. Ọkọ rẹ̀ fún un ní òjé. "Ẹ̀mú ni mo wí!" Ó fún un ní ẹ̀mú.

Ariwo bí òjò yẹn ń lọ, ṣìì, ṣìì. Àwọn òkè ń wò wọ́n.

"Apá ń ro mí," ni Akínyọdé sọ nígbà tó pẹ́.

"Jẹ́ kó ro ọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ló fi ro èmi."

Kò mọ tọ́ọ̀ṣì dì mú rárá. Ìmọ́lẹ̀ náà ń yẹ̀ kúrò nínú àpótí, ó ń lọ sórí wáyà pupa àti dúdú tó ti inú bátìrì wá, tó rọ̀ kọjá ẹsẹ̀ tábìlì. "Inú àpótí!" ni Ìbídùnní ń wí. Ìmọ́lẹ̀ á padà, á tún yẹ̀. Nígbà tó sú u, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti wáyà náà dànù kúrò lójú iṣẹ́, wáyà náà sì gbóná. Ó gbóná bí etí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe wáyà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó jọ pé ìgbóná náà ló já ohun tó dì sí i láyà. Ó ju ẹ̀mú sílẹ̀.

"Kí ló dé tó o gùn ún?"

Kò wẹ̀yìn wò ó. Ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí, tàbí ariwo afẹ́fẹ́ ni.

"Mo rò pé mo lè ṣe é," ni Akínyọdé wí.

"Mo ní kó o má gùn ún."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́!"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo sọ ọ́," ló dáhùn. "Mo gbọ́. Èmi ni mi ò gbà."

Ariwo náà dá. Ó dá wáí, bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìbídùnní fi gbọ́ bí òjé ṣe ń tutù lórí wáyà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ṣì kún ikùn rẹ̀, èébú ṣì wà níbẹ̀, ìbéèrè ṣì wà níbẹ̀. Ó yíjú. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà ṣì dúró ní gíga èjìká, ó ń tàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dì í mú.

Ó jí.

Òrùlé wà lórí ilé. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, àmì ìṣẹ́po apá bùbá ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, itọ́ ti rin tábìlì. Ìbídùnní kò dìde. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìdájọ́ sí létí, tí kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n dá a láre tàbí wọ́n dá a lẹ́bi. O sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́. Ó mọ̀ pé àlá kì í jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Bó bá sọ ọ́ fún ẹbí, wọn yóò ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti já bọ́, ẹnu ẹlòmíràn kan kò tíì sọ ọ́ jáde pé ó kìlọ̀. Òun fúnra rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́, ti ń ṣiyèméjì ní ọ̀sán míràn pé bóyá kò pariwo tó, bóyá ẹnu lásán ni, bóyá ó yẹ kó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú. Wàyí o, ìyẹn ti tán. Ó sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ni kò gbà.

Inú ṣì ń bí i. Àmọ́ ìbínú náà ti kúrò lára òun fúnra rẹ̀, ó ti lọ bá ẹni tó ni ín.

Ìgbà tó na ọwọ́ láti nu tábìlì ló rántí wáyà. Ó tẹ bọ́tìnnì máìkì, rédíò ṣú bó ṣe máa ń ṣú. Kò jáwọ́. Ó fi ọwọ́ kejì bá wáyà bátìrì lẹ́yìn ẹsẹ̀ tábìlì, ó gbá a mú, ó sì fi í sílẹ̀ kíá. Ó gbóná. Wáyà tín-ín-rín ni, irú èyí tí wọ́n fi ń fa iná gílóòbù, ó sì gùn ju bó ti yẹ lọ. Iná tí rédíò fi ń gbọ́ràn kéré, wáyà náà gbé e. Iná tó fi ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kò lè gbé e, ojú ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ ń tán sí. Inú àpótí ló sì ti ń wá àrùn láti ìgbà yìí wá!

"Wáyà burúkú lo fi sí i," ló sọ sí yàrá náà. "Ìkánjú rẹ náà ni."

Ó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, ó tú wáyà bátìrì rẹ̀ tó nípọn bí ìka ọwọ́, ó gé e kúrú, ó fi í rọ́pò. Ó tẹ bọ́tìnnì. "Àló," ló wí, gílóòbù orí tábìlì sì tàn. Ó ń tàn sí i bí ohùn bá gòkè, ó ń rọ̀ bí ohùn bá rọ̀. Ìbídùnní wò ó, ó pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀ sínú máìkì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, gílóòbù náà sì funfun báláú.

Bí Akínrìnádé ṣe dé pẹ̀lú àwọn wẹ́dà nìyẹn. Ìbídùnní jáde lọ bá wọn lórí òkúta nídìí òpó.

"Ìyàwó wa, ẹ má bá mi jà," ni Akínrìnádé yára wí.

"Mi ò bá yín jà. Ẹ bi mí léèrè níbi ìsìnkú pé níbo ni mo wà. Ibí yìí ni mo wà. Lórí òkúta yìí ni mo dúró sí. Mo ní kó má gùn ún, irin tutù. Ó ní òun ń bọ̀ báyìí. Mo tún un sọ nígbà tó ti ń lọ lókè. Ó gbọ́ mi, Bọ̀dá Akin. Kò gbà ni."

Àwọn wẹ́dà wo ilẹ̀. Akínrìnádé yíjú sí Ìbídùnní.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ẹ̀yin ni?"

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè wo orí òpó. "Àgbọn kan wà nílé ẹ̀kọ́ wa," ló wí. "Tíṣà ní kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún, ó já bọ́, ó kán lápá. Ọjọ́ tí wọ́n tú apá náà, ó tún padà lọ gùn ún. Màmá wa sunkún títí." Lójijì, ó fi bàtà ta òpó irin náà, ó dún gbàn-ìn. "Olóríkunkun! Akínyọdé, olóríkunkun ni ọ́!"

"Ẹ bá mi sọ fún un," ni Ìbídùnní wí.

Ó tún ta á. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ní kó má bú òkú. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fi etí ẹ̀wù nu imú, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Bí ẹ bá ní kí òpó yìí dúró, yóò dúró."

"Kò gbọdọ̀ dúró," ni Ìbídùnní dáhùn. "Èmi náà kò fẹ́ rí i mọ́. Ẹ gé e lulẹ̀. Wáyà orí rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́, ẹ̀rọ yẹn kò sì ní kúrò nílé mi."

Wọ́n gé e. Òun àti Akínrìnádé ló so wáyà náà láti ara igi màngòrò dé ara òpó tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ní ibi tí ènìyàn lè na ọwọ́ dé láti orí àpótí. Akínyọdé máa ń ní éríà tó bá rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dé òkè òkun. Ó lè má dé e. Ìlọrin ni Ìbídùnní fẹ́ kó dé.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Àlàájì Gàńbàrí pè. "Akínyọdé, Ìdànrè, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ìbídùnní tẹ bọ́tìnnì. Rédíò kò ṣú.

"Àlàájì, mò ń gbọ́ yín. Ìbídùnní ni mí, ìyàwó Akínyọdé. Akínyọdé ti kú. Ó gun òpó lẹ́yìn òjò. Mo ní kó má gùn ún, kò gbà, ó sì já bọ́."

Ó jáwọ́. Ariwo kún yàrá, ṣìì, ṣìì, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ohùn àgbàlagbà náà tó jáde.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo gbọ́ orúkọ yín, ṣùgbọ́n ariwo gbé ìyókù lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ."

Láti ọjọ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ. Gbogbo wọn ló ń yára fi ọ̀rọ̀ tiwọn dí i lẹ́nu. Ìbídùnní nu ojú rẹ̀, ó gbé máìkì sún mọ́ ẹnu, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹni tó wà ní Ìlọrin lè gbọ́ ọ yékéyéké.